Orí Keje: Yíyan Ohun Ọ̀gbìn Ọlọ́dún Púpọ̀ fún Ilẹ̀ Àkùrọ̀

Ohun tí orí yìí wà fún

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí orí yìí, ó yẹ kí ó lè:

- ṣàlàyé ohun tí ó ń sọ ilẹ̀ di àkùrọ̀ ní Òkè-Ògùn;
- wá bí omi ṣe súnmọ́ ojú ilẹ̀ tó, ní ìgbà òjò àti ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn;
- sọ ìdí tí omi fi ń pa àwọn ohun ọ̀gbìn kan tí kò sì pa àwọn mìíràn;
- yan ohun ọ̀gbìn tí yóò pẹ́ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó sì sọ ìdí tí ó fi yàn án.

7.1 Ilẹ̀ tí a ń sọ

Òkaka wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nínú ọ̀dàn Òkè-Ògùn tí Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí wà. Ilẹ̀ àpáta ni agbègbè yìí. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún máa ń tó nǹkan bí 1,000 sí 1,200 mílímítà, láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, oṣù Kẹsàn-án ni ó sì sábà máa ń pọ̀ jù. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, ẹ̀ẹ̀rùn ni.

Àpáta kì í mu omi. Bí òjò bá rọ̀ sórí rẹ̀, omi á ṣàn wálẹ̀, á rì sínú yanrìn tó wà ní ẹsẹ̀ òkè, á sì máa sun jáde díẹ̀díẹ̀ ní ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ sínú odò Ògùn ṣe ń rí omi, bẹ́ẹ̀ náà sì ni etí wọn ṣe ń di àkùrọ̀. Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ tó rẹlẹ̀, tàbí etí odò, tí ọ̀rinrin kò tètè kúrò nínú rẹ̀ bí òjò tilẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ẹ̀yìnkùlé ilé pàápàá lè jẹ́ àkùrọ̀ bí ó bá wà ní ẹsẹ̀ òkè.

Àwọn àgbẹ̀ wa ti mọ iyì àkùrọ̀ tipẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ̀, ilá àti àgbàdo tútù ti ń wá nígbà tí oko òkè bá ti gbẹ. Ìjọba àpapọ̀ àti Báńkì Àgbáyé náà rí i: ètò Fadama tí wọ́n ṣe ní ìpele kìíní láàárín ọdún 1993 sí 1999 dá lórí kànga oníhò àti ẹ̀rọ tó ń fa omi fún irú ilẹ̀ yìí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tí ìpele kejì kàn. Ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn tí a ń tún gbìn lọ́dọọdún ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àkùrọ̀. Èyí tí a gbìn lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì ń gbé ibẹ̀ lọ, ni orí yìí wà fún.

7.2 Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò

Ohun ọ̀gbìn ọlọ́dún púpọ̀ ni èyí tó ń wà láàyè ju ọdún méjì lọ láìjẹ́ pé a tún un gbìn. Ewé rẹ̀ lè gbẹ, ohun tó wà lókè ilẹ̀ sì lè wó lulẹ̀ pátápátá, àmọ́ ìdí rẹ̀ á tún sọ nígbà tí òjò bá dé.

Ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ ni ara ewéko tó dùbúlẹ̀ sínú ilẹ̀, tó ń tọ́jú oúnjẹ àti omi pamọ́, tí èéhù tuntun sì ń yọ lára rẹ̀. Ata ilẹ̀, ìdò àti tètèrègún ní irú rẹ̀. Kì í ṣe gbòǹgbò, nítorí ó ní ojú tí ewé lè ti yọ.

Ojú omi abẹ́ ilẹ̀ ni ibi tí a ti kọ́kọ́ bá omi pàdé bí a bá gbẹ́lẹ̀ lọ sísàlẹ̀.

Ìfaradà ni agbára tí ohun ọ̀gbìn ní láti la ìnira ibi tí ó wà já. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, otútù tó ń sọ omi di yìnyín ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ní Òkaka, ohun mẹ́rin ni: omi tó bo gbòǹgbò, ọ̀gbẹlẹ̀, iná tó ń jó igbó lásìkò ọyẹ́, àti ẹnu ẹran ọ̀sìn.

7.3 Ilẹ̀ kan náà, ìgbà méjì

Ohun tó mú kí yíyàn ṣòro ní Òkè-Ògùn ni pé àkùrọ̀ ibẹ̀ kì í tutù bákan náà jálẹ̀ ọdún. Ibi tí ẹsẹ̀ ń rì sí ní oṣù Kẹsàn-án lè là pẹẹrẹ ní oṣù Kejì. Ewéko tó bá kàn fẹ́ràn omi nìkan á kú ní ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tó bá kàn mọ ọ̀gbẹlẹ̀ nìkan á jẹrà ní ìgbà òjò. Ẹni tó bá lọ wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ọdún ti wo ìdajì rẹ̀.

Ìnira mẹ́rin tí a dárúkọ kì í sì í dé pa pọ̀. Omi a kọ́kọ́ dé, ọ̀gbẹlẹ̀ a tẹ̀lé e, iná a sì tẹ̀lé ọ̀gbẹlẹ̀. Nígbà tí koríko òkè bá ti jó tán ni àwọn darandaran máa ń da màlúù sọ̀ kalẹ̀ sí etí odò, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ewé tútù kù sí. Nítorí náà, ewéko tó ní ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ tàbí iṣu ló ń ṣe dáadáa jù níbẹ̀. Iná lè jó ewé rẹ̀, màlúù lè jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó fi pamọ́ sínú ilẹ̀ ṣì wà.

7.4 Ìdí tí omi fi ń pa gbòǹgbò

Gbòǹgbò ń mí. Ọ́síjìn tó ń lò wà nínú àwọn àlàfo kéékèèké tó wà láàárín ẹyọ yanrìn àti amọ̀. Nígbà tí omi bá kún àwọn àlàfo náà, afẹ́fẹ́ ti jáde nìyẹn, ọ́síjìn sì ń rìn gba inú omi lọ́ra tó ìlọ́po 10,000 sí bí ó ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, gbòǹgbò tí kò ní ọ̀nà mìíràn á dúdú, á rọ̀, á sì jẹrà. Ewé á wá rọ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ igi náà, nítorí gbòǹgbò tó ti kú kò lè fa omi mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún bomi rin ín. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbẹ́lẹ̀ wò ná.

Àwọn ewéko tó ń gbé inú omi ní ọgbọ́n tiwọn. Ẹ gé ọ̀pá ewé kókò, ẹ ó rí ihò wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tí àwọn ọmọdé fi ń fọn fèrè ṣe ní ihò gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ ni kókò ṣe ní tirẹ̀, àmọ́ kéékèèké ni, wọ́n sì pọ̀. Ihò wọ̀nyí ni afẹ́fẹ́ ń gbà láti ewé dé gbòǹgbò. Ìrẹsì náà ní irú rẹ̀. Àwọn ewéko mìíràn ń yọ gbòǹgbò tuntun lára ọ̀pá wọn, nítòsí ojú ilẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ṣì wà.

7.5 Yíyẹ ilẹ̀ wò kí a tó yàn

Ọkọ́, àdá àti ọ̀pá ìwọ̀n tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ bo ẹnu rẹ̀ nítorí àwọn ọmọdé àti ẹran, kí ẹ sì padà wò ó ní ọjọ́ kejì. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò.

Àkọ́kọ́ ni ibi tí omi dé nínú kòtò. Èkejì ni àwọ̀ ilẹ̀ tó wà lára ògiri rẹ̀: ilẹ̀ pupa tàbí ilẹ̀ tó pọ́n díẹ̀ fi hàn pé afẹ́fẹ́ ń wọlé, ilẹ̀ tó rí bí eérú, tí àbàwọ́n bí ìpẹtà irin wà káàkiri nínú rẹ̀, fi hàn pé omi ń lọ, ó ń bọ̀, èyí tó rí bí eérú látòkè délẹ̀, omi kì í kúrò níbẹ̀ rárá. Àwọ̀ yìí wúlò púpọ̀ nítorí kì í yí padà bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Ẹni tó gbẹ́lẹ̀ ní oṣù Kejì lè fi mọ ibi tí omi dé ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀kẹta ni òórùn. Bí ó bá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀.

Ewéko tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Níbi tí ojúoró àti òṣíbàtà bá wà, omi ń dúró sójú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Níbi tí igi òrí bá ti dàgbà dáadáa, omi kì í pẹ́ níbẹ̀.

Nínú orí yìí, a pín ilẹ̀ sí ìpele mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nígbà tí òjò bá pọ̀ jù:

- Ìpele A: ọ̀rinrin wà, ṣùgbọ́n a kò bá omi títí dé 60 sẹ̀ǹtímítà.
- Ìpele B: a bá omi láàárín 20 sí 60 sẹ̀ǹtímítà; ó lè bo ojú ilẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá.
- Ìpele D: omi kò jìn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, tàbí ó bo ojú ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ tún kòtò kan náà gbẹ́ ní oṣù Kejì, kí ẹ gbẹ́ ẹ dé mítà kan. Bí ọ̀rinrin bá ṣì wà nísàlẹ̀, ewéko tí gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ jìnnà á yè. Bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, kí a yan èyí tó ní ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀, tàbí kí a múra láti máa bomi rin ín.

7.6 Àwọn ohun ọ̀gbìn tó yẹ

*Kókò.* Oríṣi méjì ló wà tí àwọn ènìyàn máa ń pè ní orúkọ kan náà, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì gan-an ní àkùrọ̀. Ẹ wo ibi tí ọ̀pá ewé ti so mọ́ ewé. Bí ó bá so mọ́ inú ewé, tí ó jìnnà díẹ̀ sí etí ibi tí ewé ti là, *Colocasia esculenta* ni. Bí ó bá so mọ́ etí ibi tí ó ti là gan-an, *Xanthosoma* ni. Ti àkọ́kọ́ lè wà nínú omi, ó dára fún ìpele B àti D. Ti kejì fẹ́ ọ̀rinrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí omi bá dúró sí ìdí rẹ̀, àrùn ajẹgbòǹgbò á mú un. Ìpele A nìkan ni ó yẹ fún.

Ewu kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ. Láti nǹkan bí ọdún 2009 ni àrùn jíjó ewé kókò ti wọ Nàìjíríà, *Colocasia* ni ó sì ń bá jà. Àmì rẹ̀ ni ojú ọgbẹ́ tó rí bí ibi tí omi gbígbóná ta sí, tó ń di àwọ̀ ilẹ̀, tó ń fẹ̀ sí i títí ewé á fi kú. Kí a gba ìdí kókò lọ́wọ́ ẹni tí oko rẹ̀ mọ́, kí a gbìn wọ́n jìnnà síra tó mítà kan kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn, kí a sì gé ewé tó ní àmì sọnù kíákíá. Ẹ rántí pé kókò tútù máa ń yún ènìyàn lọ́fun. A gbọ́dọ̀ sè é jinná.

*Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́.* Ohun tí a rí tó dúró gbangba bí igi kì í ṣe igi. Ewé tó yí ara wọn po ni. Igi rẹ̀ gan-an wà nísàlẹ̀, nínú ilẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọmọ ti ń yọ. Nítorí èyí ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ń pẹ́ níbi kan bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń so lẹ́ẹ̀kan péré kí ó tó kú. Ìpele A ló dára jù fún un. Ní ìpele B, kí a gbìn ín sórí ebè gíga. Kò lè fara da ìpele D.

Ọmọ tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí idà ni kí a yàn, kì í ṣe èyí tí ewé rẹ̀ ti fẹ̀ nígbà tí ó ṣì kéré. Kí a bó ara ìdí rẹ̀ mọ́, kí a sì rì í sínú omi híhó fún 30 ìṣẹ́jú àáyá; ọ̀nà yìí, tí ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ń kọ́ àwọn àgbẹ̀, máa ń pa kòkòrò àti aràn inú ilẹ̀ tó bá ti wọ inú rẹ̀. Àlàfo mítà 3 sí mítà 2 ni a ń fi sílẹ̀, èyí tó máa ń gba nǹkan bí 1,667 ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí hẹ́kítà kan. Ìjì òjò àkọ́rọ̀ lè wó o, nítorí náà kí a wá ibi tí igi mìíràn lè dáàbò bò ó.

*Ìrèké.* Bí a bá gé e mọ́lẹ̀ dáadáa, ìdí rẹ̀ á tún sọ, a sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí a tó tún un gbìn. Ègé tó ní ojú mẹ́ta ni a ń gbìn. Ìpele A àti B ni tirẹ̀. Màlúù fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, nítorí náà kò yẹ kí a gbìn ín síbi tí kò ní ọgbà.

*Tètèrègún* (*Costus afer*). Etí odò ni ilé rẹ̀. Ó ní ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀, ó lè ga ju ènìyàn lọ, ó sì fẹ́ràn ibòji. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ń wá a, àwọn tó ń sin ìgbín náà sì ń fi ewé rẹ̀ bọ́ ọ. Ẹni tó bá ní àkùrọ̀ lábẹ́ igi ńlá, tí oòrùn kì í dé, kò lè rí ohun tó yẹ ju èyí lọ.

*Gbúre àti amúnútutù* jẹ́ ẹ̀fọ́ ọlọ́dún púpọ̀ tó dára fún ìpele A. A ń já wọn, wọ́n ń rú. Amúnútutù fẹ́ òpó tí yóò gùn.

*Ìdò* (*Canna indica*) àti lílì tí àwọn kan ń pè ní *ọ̀gẹ̀dẹ̀ odò* (*Crinum jagus*) wà fún ẹwà. Òdòdó ìdò lè pupa tàbí kí ó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Kóró rẹ̀ dúdú, ó le, àwọn kan sì ń fi ṣe ohun èlò orin tí a ń mì. Òdòdó lílì funfun, ó ń ta sánsán. Méjèèjì lè gbé ìpele B, ọ̀gẹ̀dẹ̀ odò sì lè gbé D. Májèlé wà nínú iṣu ọ̀gẹ̀dẹ̀ odò. Kí a kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé.

*Pèrègún* ni a fi ń pa ààlà láti ayébáyé, ó sì dára fún ọgbà alààyè yí àkùrọ̀ ká. Ègé rẹ̀ tí a bá kì bọlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún á ta gbòǹgbò láìsí wàhálà.

*Koríko vetiver.* Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń lọ tààrà sísàlẹ̀, ó lè tó mítà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í rá kiri. Ó lè la àgbàrá àti ọ̀gbẹlẹ̀ já, ó sì tún máa ń sọ lẹ́yìn iná. Etí odò tí àgbàrá ń jẹ ni kí a gbìn ín sí, ní ìlà kan tó dínà omi.

*Ọparun* náà ń di etí odò mú, ṣùgbọ́n ààyè rẹ̀ máa ń fẹ̀. Kí a gbé e jìnnà sí ilé àti kànga.

7.7 Àwọn tí kò yẹ

Ìbẹ́pẹ lè kú bí omi bá bo gbòǹgbò rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Kajú, tí ó pọ̀ ní Òkè-Ògùn, ọsàn àti igi tíìkì kò fẹ́ kí omi dúró sí ìdí wọn. Gbogbo wọn dára fún apá òkè ilẹ̀ kan náà, àgbẹ̀ tó ní ilẹ̀ tó da gẹ̀rẹ́ sì lè ní kajú lókè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín, kí ó ní kókò nísàlẹ̀.

Koríko omi tí a ń pè ní water hyacinth ní òdòdó tó rẹwà, ó sì máa ń wu àwọn ènìyàn láti mú un lọ sílé. A kò gbọ́dọ̀ gbìn ín. Ní ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, ó sì ti dí ọ̀nà àwọn apẹja ní ọ̀sà àti odò ìhà gúúsù. Omi Òkè-Ògùn ń ṣàn lọ sódò Ògùn, odò Ògùn sì ń ṣàn lọ sí ọ̀sà Èkó. Ohun tí a bá jù sínú odò kékeré kan lè rin ìrìn àjò gbogbo náà.

7.8 Gbígbìn àti ìtọ́jú

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ní oṣù Kẹrin sí Karùn-ún, ló dára jù láti gbìn. Gbòǹgbò á ti rinlẹ̀ kí omi tó kún ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó bá gbìn ní oṣù Kẹjọ ń fi èéhù tí kò tíì lágbára lé omi lọ́wọ́.

Ní ìpele B, kí a kọ ebè gbọọrọ tó ga ní 30 sí 50 sẹ̀ǹtímítà, kí a sì la ojú omi sí àárín wọn. Kí ojú omi náà máa ṣàn. Bí omi bá dákẹ́ sínú rẹ̀, ẹ̀fọn á yé sí i. Kí a má sì fà á jìn jù, torí omi tí a bá lé lọ ní oṣù Kẹsàn-án ni a ó máa wá ní oṣù Kejì.

Nígbà tí òjò bá fẹ́ dáwọ́ dúró, kí a fi koríko gbígbẹ bo ìdí ewéko kí ọ̀rinrin má baà fò lọ. Koríko yìí lè gbiná, nítorí náà kí a ro ilẹ̀ tó yí ọgbà ká mọ́ tónítóní, ó kéré tán mítà mẹ́ta, kí oṣù Kejìlá tó dé.

7.9 Àkójọ kókó ọ̀rọ̀

Ìgbà méjì ni a ń yẹ àkùrọ̀ Òkè-Ògùn wò. Àìsí ọ́síjìn ló ń pa gbòǹgbò nínú omi. Ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ ló ń jẹ́ kí ewéko la ọ̀gbẹlẹ̀, iná àti ẹnu ẹran já. *Colocasia* àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ odò ló lè gbé ìpele D. Ìrèké, ìdò, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lórí ebè lè gbé B. *Xanthosoma*, gbúre àti amúnútutù, ìpele A.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín gbòǹgbò àti ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀? Dárúkọ ewéko méjì tó ní ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀.
2. Ewé igi ìbẹ́pẹ kan rọ lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, olóko sì fẹ́ bomi rin ín. Ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí igi náà, kí o sì sọ ohun tó yẹ kí olóko kọ́kọ́ ṣe.
3. Wá ewé kókò kan ní àdúgbò rẹ. Ya àwòrán ibi tí ọ̀pá rẹ̀ ti so mọ́ ewé, kí o sì sọ oríṣi tó jẹ́.
4. Nínú kòtò kan, a bá omi ní 15 sẹ̀ǹtímítà ní oṣù Kẹsàn-án. Ní oṣù Kejì, ó gbẹ dé mítà kan. Nínú kòtò kejì, a bá omi ní 45 sẹ̀ǹtímítà ní oṣù Kẹsàn-án. Ní oṣù Kejì, ọ̀rinrin ṣì wà ní 80 sẹ̀ǹtímítà. Sọ ìpele tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, yan ohun ọ̀gbìn méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì gbè é lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ìdí.
5. Iṣẹ́ ẹgbẹ́: Ẹ gbẹ́ kòtò mẹ́ta láti òkè dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ilé-ìwé yín tó da gẹ̀rẹ́. Ẹ kọ àwọ̀ ilẹ̀, òórùn rẹ̀ àti ibi tí omi dé sílẹ̀. Ẹ bi àgbà kan tó ń dáko nítòsí léèrè bí ibẹ̀ ti ń rí ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì fi ìdáhùn rẹ̀ wé ohun tí àwọ̀ ilẹ̀ fi hàn.